Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Lóòótọ́ Ni Ará Oko àti Ará Ìgboro Dìbò Yàtọ̀ Síra

Bí wọ́n bá ti ka èsì ìbò tán ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ kí àlàyé kan tó gba orí rédíò kan: pé àwọn ará ìgboro mọ ohun tí wọ́n fẹ́, àmọ́ wọ́n ti fi ìrẹsì àti owó péréte yí àwọn ará oko lọ́kàn padà. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọlé náà kò ní ṣàì yí àlàyé yìí sí ọ̀nà tirẹ̀, yóò ní àwọn ará ìgbèríko ló mọ olóore wọn. Ìdí tí àlàyé méjèèjì fi ń dùn ún gbọ́ ni pé ẹni tó ń béèrè iye ìbò tó wá láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ béèrè: akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn, atọ́kùn ètò, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí àhesọ ti sú. Kò gbà ju fóònù kan, ìwé àti gègé, pẹ̀lú sùúrù. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Èkó ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, ìbò ọdún 2023 ni n óò sì gbé e karí jù.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ìgboro parí sí

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan èsì ìbò rárá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ti Ìbàdàn, mẹ́wàá jẹ́ ti Òkè-Ògùn, márùn-ún jẹ́ ti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, mẹ́rin jẹ́ ti agbègbè Ọ̀yọ́, mẹ́ta sì jẹ́ ti Ìbàràpá. Ẹni tó bá ń fi ojú Ìbàdàn wo nǹkan yóò sọ pé mọ́kànlá àkọ́kọ́ ni ìgboro, ìyókù sì ni oko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí ní Òkè-Ògùn jẹ́ ìlú ńlá tó ní ọjà, ilé ìfowópamọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tí mẹ́fà nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn fúnra wọn, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, ní abúlé àti abà tí àwọn ènìyàn ti ń gbin kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Akínyẹlé nìkan, ẹni tó ń gbé Ọjọ́ọ̀ kò yàtọ̀ sí ará ìgboro Ìbàdàn, síbẹ̀ inú àpapọ̀ èsì kan náà ni ìbò rẹ̀ àti ti àgbẹ̀ tó wà lápá Ìròkò ń bọ́ sí. Ẹni tó bá fi ìjọba ìbílẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ti da iyọ̀ pọ̀ mọ́ iyanrìn nìyẹn.

Wọ́ọ̀dù ni kí ẹ lò, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibùdó ìdìbò. Orúkọ ibùdó máa ń sọ púpọ̀ nípa ibi tó wà. Nínú àkọsílẹ̀ INEC, àjọ elétò ìdìbò, ibùdó inú ìgboro sábà máa ń jẹ́ orúkọ òpópónà, ojúlé, ilé ẹ̀kọ́ tàbí oríta. Ti oko a máa jẹ́ orúkọ abúlé tàbí abà, bí kò bá jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ibùdó kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́rin, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti wọ́ọ̀dù àti ti ibùdó fúnra rẹ̀; 30 ni ti Ọ̀yọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, 24 ni ti Èkó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, nítorí orúkọ ibùdó méjì lè jọra tí ẹ ó fi ka ìbò ibì kan mọ́ ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín àwọn wọ́ọ̀dù sí ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe méjì: ìgboro ńlá, ìlú tó dá dúró, àti abúlé tòun ti abà. Èyí tí ojú yín kò bá dá nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má fi ipá tì í síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ sì parí ìpín yìí kí ẹ tó wo ẹni tó wọlé níbikíbi, torí ẹni tó bá ti mọ èsì yóò fẹ́ pín ilẹ̀ sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yóò fi jóòótọ́.

Bí a ṣe ń ka ìwé EC8A

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ èsì ní ibùdó ìdìbò ni EC8A. EC8B ni ti wọ́ọ̀dù, EC8C ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Fọ́tò EC8A ni INEC ń gbé sórí ìkànnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IReV, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó. Ní ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, àwọn fọ́tò náà pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó jáde, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Ti ìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ṣí fọ́tò kan, ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ ẹgbẹ́. Apá òkè ni kí ẹ kà: iye ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó náà, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà láti dìbò, iye ìwé ìdìbò tí wọ́n kó wá, iye tí wọn kò lò, iye tó bàjẹ́, iye ìbò tí wọ́n fagi lé, àti iye ìbò tó péye. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tò sísàlẹ̀, pẹ̀lú iye ìbò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, orúkọ aṣojú ẹgbẹ́ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ẹ ro iye ìbò gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó bá iye ìbò tó péye mu. Níbi tí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kò bá ti bára mu, tàbí tí fọ́tò kò bá hàn, ẹ fi àmì sí i, ẹ má ṣe méfò.

Ìlà àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kà sí pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí i pé ẹgbẹ́ kan kò ní aṣojú kankan tó buwọ́ lùwé ní gbogbo abà tó wà ní wọ́ọ̀dù kan, ẹ má tíì sọ pé àgbẹ̀ kò fẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò débẹ̀ rí. Láti ìgboro ni àwọn ẹgbẹ́ tuntun ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gbé orúkọ wọn káàkiri láìsí ọ́fíìsì. Ní abà, ẹni tí wọ́n mọ̀, tó ń wá síbi ìsìnkú àti ìkómọ, tó sì ń gbé ọ̀kadà fún àwọn ènìyàn lọ síbi ìdìbò, òun ni ẹgbẹ́.

Ta ni kò jáde?

Ẹ ṣírò iye tó jáde kí ẹ tó ṣírò ẹni tó wọlé. Ní 2023, ènìyàn 93,469,008 ló wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò fún ìbò ààrẹ kò ju mílíọ̀nù 25 àti díẹ̀ lọ, ìyẹn bíi 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ènìyàn 7,060,195 ló forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde kò sì pé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Nínú ènìyàn márùn-ún tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, bíi mẹ́rin ni kò dìbò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní “Èkó ti sọ̀rọ̀,” ẹ bi í pé Èkó wo ni.

Èyí kò sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn tó kù. Orúkọ òkú àti ti ẹni tó ti kó lọ ṣì ń bẹ nínú ìwé, ọ̀pọ̀ kò sì gba káàdì wọn. Ibi tí ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ti lè dìbò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìbò. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Mókọ́là kó tó kó lọ sí Mọ́níyà yóò jókòó sílé ni, àfi tó bá ti tètè sọ fún INEC pé kí wọ́n gbé orúkọ òun tẹ̀ lé òun. Ní 2023, àjọ tó ń rí sí àwọn yunifásítì pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo wọn pa láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, nítorí ìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì ti padà sílé, pàdánù ìbò rẹ̀. Ìgboro ló sì pàdánù rẹ̀ jù.

Fún ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ṣe, ẹ pín iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò sí iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ká ní abúlé mú 40 nínú ọgọ́rùn-ún jáde, tí ìgboro sì mú 20 jáde. Ohùn olùdìbò abúlé kan ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo yí èrò rẹ̀ padà. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní “ìbò oko” kò ju èyí lọ.

Ẹ má fi ìbò kan ṣoṣo dájọ́

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, APC ni ó gba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú ìbò ààrẹ, pẹ̀lú ìbò 449,884; PDP ní 182,977, Labour Party sì ní 99,110. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, Ṣèyí Mákindé ti PDP ní ìbò 563,756 fún ipò gómìnà, Tèslím Fọlárìn ti APC sì ní 256,685. Mákindé borí ní ìjọba ìbílẹ̀ 31 nínú 33. Ìpínlẹ̀ kan náà, ìwé orúkọ kan náà, oṣù kan kò sì pé láàárín ìbò méjèèjì. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ ní oṣù Kejì pé ti APC ni oko Ọ̀yọ́ yóò ní láti jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye: ọmọ Yorùbá ló wà lórí ìwé ìbò APC nínú ìbò àkọ́kọ́, Mákindé, gómìnà tó wà lórí àlééfà nígbà náà, sì wà lára àwọn gómìnà PDP márùn-ún tí wọn kò ti Atiku Abubakar, olùdíje ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, lẹ́yìn. Ìgboro gbọ́, oko náà gbọ́. Nítorí náà, ẹ to ó kéré tán ìbò mẹ́ta síra wọn fún wọ́ọ̀dù kan náà, ti ààrẹ àti ti gómìnà, kí ẹ tó pe ohunkóhun ní ìwà oko.

Ìbò gómìnà Èkìtì ọdún 2014, tí wọ́n ní ìrẹsì ló pinnu rẹ̀, tún ṣe pàtàkì níbí. Ayọ̀ Fáyóṣé gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, Adó-Èkìtì pẹ̀lú, ó ní 203,090 sí 120,433 ti Káyọ̀dé Fáyẹmí. Bí ìrẹsì bá ló dìbò náà, a jẹ́ pé àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé olú-ìlú náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn pé wọ́n fi oúnjẹ ra ìbò kan oko, ó kan ìgboro, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í lé ẹ̀yìn apá kan láìmú ẹ̀rí wá.

Ẹ fi Èkó dán ọgbọ́n yín wò

Nínú ìbò ààrẹ 2023, Labour Party ní 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Ní Ẹtí-Ọ̀sà, níbi tí Ìkòyí àti apá púpọ̀ nínú Lẹ́kì wà, Labour Party ní ìbò tó lé ní 42,000, APC kò sì ju bíi 15,000 lọ. Ní Ẹ̀pẹ́, APC ló ní bíi 20,000, Labour Party kò sì dé 4,000. Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé ó parí: àwọn olówó ìgboro lọ sí ọ̀nà kan, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ lọ sí ọ̀nà kejì.

Ẹ wá wo Mùṣin, Agẹ́gẹ́ àti Lagos Island, níbi tí Ìsàlẹ̀ Èkó wà. Kò sí oko kankan níbẹ̀, ilé kan ilé ni, síbẹ̀ APC ló borí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ́gẹ́ bí ó ti borí ní Ẹ̀pẹ́. Bí ìgboro bá jẹ́ ohun tó ń mú ènìyàn dìbò fún Labour Party, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìbá kọ́kọ́ mú. Ohun tó so Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ni pé ìdílé àwọn onílẹ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti 1999 lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ sì ní ènìyàn ní agboolé agboolé. Ní Ẹtí-Ọ̀sà àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn ọ̀dọ́, àtàwọn tí kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú alága àdúgbò ló pọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ bá ń kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà dá ìjà sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ “ìgboro” bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ará wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń gbé òṣùwọ̀n oko àti ìgboro yìí wá sílé. Lóòótọ́, níbẹ̀, ìyàtọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀: ní 2020, Joe Biden borí ní nǹkan bí 500 kọ́ńtì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) péré, Donald Trump sì borí ní èyí tó lé ní 2,500, síbẹ̀ Biden ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 81 sí mílíọ̀nù 74. Ní Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó ka ìbò ìlú ńlá Philadelphia débi tí ìyàtọ̀ 80,555 tí Biden fi borí níbẹ̀ fi jáde. Ẹni tó ń gbé kọ́ńtì oko níbẹ̀ kò sábà ní ilé mìíràn ní ìlú ńlá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ.

Ẹ lọ bá wọn lóko

Kò sí ìṣirò tó lè rọ́pò èyí. Bí ẹ bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kò bá olóṣèlú kankan wá. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà àfi tó bá jẹ́ inú ọjà gan-an lẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́, nítorí ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ta ló dìbò fún. Àṣírí tirẹ̀ ni. Ìbéèrè tó ń so èso ni bí ọ̀nà ṣe rí nígbà òjò, iye tí wọ́n ra ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó wọn, ẹni tó wá sí abúlé kẹ́yìn nínú àwọn tó ń wá ipò, àti bí wọ́n ṣe rìn jìnnà tó kí wọ́n tó débi ìdìbò.

Kí ẹ sì béèrè èyí: “Bàbá, níbo ni ilé yín wà?” Ní abà tó yí Ìbàdàn ká, àgbàlagbà tó jókòó lẹ́bàá kòkó tó sá lè dá yín lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì pé Ọjà'ba, láàárín ìgboro Ìbàdàn, ni. Níbẹ̀ ni agboolé rẹ̀ wà, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, níbẹ̀ ni yóò ti ṣe Iléyá, níbẹ̀ náà ni káàdì ìdìbò rẹ̀ lè wà. Ẹ ti ka bàbá yìí sí ará oko, ìbò rẹ̀ sì wà nínú ìgboro. Ní abà kejì ẹ ó bá àwọn Àgàtù tàbí Tiv tó ń ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ lọ́dọọdún láìní orúkọ nínú ìwé wọ́ọ̀dù náà. Ẹ ka oríṣi méjèèjì, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀. Láìsí èyí, iye tó jáde tí ẹ ṣírò lẹ́ẹ̀kan kò ní ìtumọ̀ tó péye.

Kò túmọ̀ sí pé oko kò ní ẹ̀hónú tirẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kòkó Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tafá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn, dìde sí owó-orí àti owó kòkó tó kéré, wọ́n bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jà títí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lọ bá wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì sọ owó-orí di pọ́n-ùn méjì. Títí di ìbò 2023, ọmọ Òkè-Ògùn kankan kò tíì di gómìnà Ọ̀yọ́, wọn kò sì fi ẹdùn wọn pamọ́. Òfin sì fún wọn ní agbára kan: abala 179 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó fẹ́ di gómìnà gbọ́dọ̀ ní, yàtọ̀ sí ìbò tó pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, 22 nìyẹn, Ìbàdàn kò sì ní ju 11 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí olùdíje láti Ìbàdàn fi ń lọ sí Ìgbẹ́tì àti Ìgànná ní Òkè-Ògùn, òun nìyí.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ rí, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù, ẹ má kọ “oko” lásán. Ẹ sọ iye wọ́ọ̀dù tó wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, iye tí ẹ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ìdí rẹ̀, iye tó jáde, kí ẹ tó sọ ìbò ẹgbẹ́. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín abúlé kan àti abúlé kejì bá tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbogbo abúlé àti ìgboro lọ, ẹ kọ ọ́ báyìí pé ẹ kò rí ìpín oko àti ìgboro nínú ìbò náà. Kí ẹ sì pa gbogbo fọ́tò EC8A tí ẹ lò mọ́ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, pẹ̀lú nọ́ńbà ibùdó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá takò yín lè tún un kà.